Ikọ́ Télọ̀ Lórí Rédíò

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ìwọ, ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù ò pa yín jù? Ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn o. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé ń jò.

Àkọ́bí rẹ tó ń ṣètò ìlàjà lórí rédíò mú èmi àti télọ̀ òdìkejì títì jókòó ní pálọ̀ mi. O mọ̀ pé látìgbà tí àwọn ẹlẹ́sìn tiwa ti dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ìjà ẹ̀sìn, a ò kí ara wa mọ́. A sọ tẹnu wa fún ọmọ, a ò wo ara wa. Ó wá ní ká dákẹ́, òun fẹ́ fi ẹ̀rọ gba bí yàrá ṣe ń dún lásán sílẹ̀ fún ètò náà. Ni télọ̀ bá wúkọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o!"

"Àṣé ahọ́n rẹ ṣì wà níbẹ̀!" ló fi dá mi lóhùn. Ẹ̀rín pa wá!

Ọmọ ní ibẹ̀ lòun máa fi parí ètò. Télọ̀ ń bọ̀ wá bá mi gbọ́ ọ ní Sátidé! Mo ti ra bátìrì rédíò, mo tún ra òmíràn pamọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi gbàdúrà kí n rí ọ̀rọ̀ bá a sọ tí ètò bá parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ