Ilé Abẹ́ Máńgòrò ní Tabora, àti Ẹni Tí Yóò Bú Mi

Èmi, Mihayo ọmọ Kapaya, tí mo ṣiṣẹ́ ní ojú irin Tabora títí wọ́n fi ní kí n lọ sinmi, ni mo ṣe ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Àwọn tó ń sọ ní Dar es Salaam pé iyè mi ti ra kò wá wò mí láti ìgbà òjò tó kọjá.

1. Kulwa, ọmọ mi ọkùnrin, ni ó ni kẹ̀kẹ́ mi àti àáké mi. Mo mọ̀ pé kò ní lò wọ́n. "Bàbá, kí lẹ tún ń jókòó ṣe nínú eruku yìí?" ni ó máa ń wí. Òótọ́ ni. Omi ẹ̀rọ ń wá nígbà tó bá wù ú, iṣẹ́ kò sí fún ọ̀dọ́, àlejò kì í sì í wá síbí bí kò ṣe láti wọ ọkọ̀ ojú irin mìíràn. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni mo máa ń yí ojú irin padà kí ọkọ̀ wọn lè gba ọ̀nà tó ń lọ. Ẹnìkan kò juwọ́ sí mi rí.

2. Doto, ìbejì rẹ̀, ni ó ni àwọn ilé oyin mi nínú igbó. Oyin ló máa ń béèrè lórí fóònù, kì í béèrè mi. Kó wá kó o fúnra rẹ̀.

3. Tabora ni kí ẹ sin mí sí. Ìyá yín Nyamizi kú sílé Kulwa ní Dar es Salaam létí òkun, ó sì sin ín síbẹ̀, nítorí ojú ń tì í láti mú àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ wá sí ìlú wa. Chilongani, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Gogo, bá mi lọ síbi ìsìnkú náà. Ẹ mọ̀ pé àwọn baba ńlá wa ló fún ẹ̀yà Gogo àti àwa Nyamwezi láṣẹ láti máa bú ara wọn, pàápàá níbi òkú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Ó dùbúlẹ̀ sínú sàréè bó ti yẹ, kí a tó fi ẹ̀bùn bẹ̀ ẹ́ jáde, ó ní, "Nyamizi, o sá fún mi dé etí òkun? Ta ni yóò máa se ìrẹsì jíjóná fún mi báyìí?" Kulwa ní kí ẹ̀ṣọ́ fà á jáde. Wọ́n sin ìyàwó mi ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò mọ ẹnìkan láyé. N kò tíì dárí jì ọ́, Kulwa. Ní ti èmi, Chilongani kò gbọdọ̀ jáde nínú sàréè mi láìgba ewúrẹ́ dúdú.

4. Aládùúgbò mi, Ìyá Mwajuma, ni alámòójútó ogún. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, òun ló já ilẹ̀kùn mi wọlé, nítorí kò rí èéfín ilé ìdáná mi láàárọ̀. Ta ló ń wo èéfín yín níbi tí ẹ wà?

5. Ilé abẹ́ máńgòrò. Ẹni nínú ẹ̀yin méjèèjì tó bá jókòó gbọ́ èébú lórí òkú mi títí yóò fi rẹ Chilongani, láìwo aago, ni ó ni ín. Bí ẹ kò bá wá, kó di ibùsùn fún àwọn tí ọkọ̀ ojú irin bá já sílẹ̀. Ẹ̀yin náà lè sùn níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kọjá lọ.

Ọwọ́ mi nìyí: Mihayo Kapaya. Tabora, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje, ọdún 2011.

Ẹlẹ́rìí: Saidi Kaombwe, aránṣọ.

Ẹlẹ́rìí: Chilongani Chiteme. Mo jẹ́rìí pé orí rẹ̀ pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pé rí. Kó má tíì kú. N kò tíì bú u tó.