Ẹ Má Fi Ẹnu Fọ Ọmú Rọ́bà Mọ́

Bàbá mi, ẹ kú ìwẹ̀ o. Mo kan ilẹ̀kùn títí, orin yín ò jẹ́ kí ẹ gbọ́, iṣẹ́ ìránṣọ sì ń dúró dè mí, ni mo fi kọ ìwé yìí sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ yín ti sùn.

Omi ọmú mi ò bàjẹ́ o! N kò ní já ọmọ lẹ́nu ọmú mọ́! Dókítà tí mo gbé e lọ bá láàárọ̀ yìí nu funfun ẹnu rẹ̀, kò kúrò. Ó ní èfu ni, àrùn ẹnu tó máa ń ranni, kì í ṣe wàrà tó gbẹ sáhọ́n. Òun náà ló ń ta orí ọmú mi bí iná. Díẹ̀ ló kù kí n jó fún ayọ̀ pé kì í ṣe omi ọmú mi.

Ló bá bi mí pé ta ló tún ń fi nǹkan ọmọ sẹ́nu. Ẹ foríjì mí, Bàbá, mo tú yín fó. Mo sọ bí ọmú rọ́bà ṣe máa ń já bọ́, tí ẹ ó lá a mọ́ tónítóní, tí ẹ ó dá a padà sẹ́nu ọmọ. Mo sọ ti ẹnu tó ń ta yín lábẹ́ eyín àtọwọ́dá, tí ẹ ní ata ni. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ yẹ ẹnu yín wò lọ́la, kí á má baà máa kó o ran ara wa.

Bí ọmọ bá jẹun tán, ẹ kán oògùn tí dókítà fún wa sí i lẹ́nu. Ẹ yọ eyín yín kí ẹnu sinmi, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé e wọ̀ sùn mọ́.

Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, ẹ̀yin aláìléyín méjèèjì ni mo fẹ́ bá, níbi tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín síra yín.