Kíndìnrín Yín Ń Ṣe Dáadáa

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ọkọ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè lẹ máa ń fi ṣeré pé, "Kíndìnrín mi ńkọ́?" Ó ń ṣe dáadáa. Ọmọ mi tí ẹ fún ní ọ̀kan nínú kíndìnrín yín ni ara rẹ̀ ò yá. Dókítà ní kòkòrò kan ti ń sùn nínú kíndìnrín náà látìgbà tó ti wà lára yín. Kò yọ yín lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n oògùn tí ọmọ ń lò kí ara rẹ̀ má baà kọ kíndìnrín yín ni kò jẹ́ kó lè bá kòkòrò náà jà. Ibà ò kúrò lára rẹ̀.

Ẹ ò mọ̀. Mi ò dá yín lẹ́bi. Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́ títí ó fi sú mi. Ọlọ́run á bá yín pa èyí tó kù mọ́.

Tí ẹ bá tún pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè ọmọ mi.

Àbúrò yín.