Ọwọ́ Mi Ò Gbọdọ̀ Kan Ọṣẹ

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ìwé, má bínú. Lẹ́tà mi wọ́, ọ̀rọ̀ mi sì ń falẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ ni mo ṣe wá bá ọ.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oògùn abẹ́rẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́. Ìdí páálí ni mo wà látọjọ́ tí mo ti débẹ̀ — to ìgò sínú páálí, lẹ páálí pa, gbé e kalẹ̀, mú òmíì. Àyè kan wá ṣí ní yàrá inú, níbi tí wọ́n ti ń rọ oògùn sínú ìgò. Èmi tí mi ò lè tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ará ilé, èmi náà ni mo lọ béèrè iṣẹ́ yẹn.

Ìdánwò aṣọ wíwọ̀ ni. Wàá wọ aṣọ funfun látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wàá wọ ìbọ̀wọ́ lé e, wàá wá fi ìka tẹ jẹ́lì inú àwo pẹlẹbẹ kan. Wọ́n á gbé àwo náà pamọ́. Bí kòkòrò bá wà lára rẹ, á hù síbẹ̀ bí olú wẹ́wẹ́. Tèmi hù. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lè gbìyànjú. Ẹni tó bá kùnà ìkẹta, ìdí páálí ni títí ayé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ ha ọwọ́ mi láàárọ̀, mo tún ha á lálẹ́. Ó ń ta mí. Kò burú, á mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10
Èsì ìdánwò kejì dé. Ó hù ju tàkọ́kọ́ lọ.

Àǹtí Onímáàsìkì ló ń kọ́ wa — ojú wọn nìkan ni mo mọ̀, mi ò rí ẹnu wọn rí. Wọ́n ní kí n bọ́ ìbọ̀wọ́. Wọ́n wo ọwọ́ mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ìkòkò lo rò pé ò ń ha ni?" Wọ́n ní awọ tó ń bó yẹn gan-an ló ń kó kòkòrò wọnú ìbọ̀wọ́. Kí n máa fi ìpara pa á, kí n má sì fọwọ́ kan ọṣẹ àti omi ìfọṣọ nílé títí á fi jinná. Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdánwò ìkẹta. Ẹlòmíì ti ń béèrè àyè náà.

Kí n má fọwọ́ kan ọṣẹ. Èmi ìyàwó tuntun. Nínú ilé ìyá ọkọ mi.

Ẹni Yìí (ọkọ mi ni o, ojú ṣì ń tì mí láti kọ orúkọ rẹ̀, àní síbí) ní òun á bá Màmá sọ ọ́. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Kò tíì sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 12
Ó ní Màmá ń sinmi. Màmá tó ń sinmi ló ń pè mí láti kíṣìnnì: "Ìyàwó, ṣé àwọn àwo yìí á dìde fọ ara wọn ni?"

Mo fi náílọ́ọ̀nù wé ọwọ́, mo so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Omi wọlé. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. "Háà. Àwo wa rí ọ lára tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní rárá mà. Rárá mà nìkan. Mo tú náílọ́ọ̀nù, mo fi ọwọ́ lásán fọ gbogbo ẹ̀. Ó ń ta mí bí ata. Inú ń bí mi. Sí Màmá kọ́ — sí ẹnu mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Awọ tún bó. Àǹtí Onímáàsìkì pòṣé. Wọ́n ní ta ló ń fọ nǹkan nílé yín. Mo ní èmi ni. "Àwo ilé ọkọ ò ní í tán o." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo bi Ẹni Yìí léèrè, ó di ìgbà wo? Ó ń wo fóònù. Ó ní òun ò lè sọ ọ́. Kó tó gbé mi níyàwó ló ti ṣèlérí fún Màmá pé mi ò ní í pẹ́ fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Màmá ti ń retí ẹ̀.

Èmi ò mọ̀. Gbogbo wọn mọ̀.

Mo ní, ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́? Ó mú ìpara, ó rọra fi pa ọwọ́ mi, ìka kan tẹ̀ lé ìkejì. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ ìpara. Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mi ò fọ nǹkan kan láàárọ̀ yìí. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo dé, àwo àná ṣì wà nínú bàsíà. Ẹni Yìí wo àwo, ó wò mí, ó wọ yàrá lọ. Ó ti yé mi. Kò sẹ́ni tó máa bá mi jíṣẹ́.

Mo wá kọ ohun tí màá sọ síbí, kí ẹnu mi má baà tún sá: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ kan ọṣẹ títí di Ẹtì, nítorí iṣẹ́. Mi ò sì ní í fiṣẹ́ sílẹ̀, mà. Èmi kọ́ ni mo ṣèlérí yẹn.

Mo pa èyí tó kẹ́yìn rẹ́. Ó le jù.

Mo tún un kọ.

Ìdérí ìkòkò ń dún ní kíṣìnnì. "Ta ló kó àwo jọ báyìí?" Màmá ni. Ẹni Yìí ò yọjú láti yàrá. Mo ní, "Èmi ni, mà." Ó jáde lẹ́nu mi lóòótọ́, ó sì dún dáadáa. Wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ìwé, mo ń lọ, bí wọ́n bá bínú náà, ṣebí èmi ni mo máa fi ẹnu ara mi sọ ọ́.