Nítorí Ẹ̀rọ Orin Tí O Rà fún Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí inú mi,

Ṣé ara ẹ le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀? Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń kanra yẹn ti dẹwọ́? Ọlọ́run tó mú ẹ jáde nílé kò ní fi ẹ́ sílẹ̀ níta. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní gbóná mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà níbí, à ń mí, a ò sì lè tìtorí pé nǹkan ò dára ká má dúpẹ́. Òrùlé yàrá rẹ ti ń jò, mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ sún mọ́ ògiri. Ajá wa kú, ọjọ́ ogbó ló kú sí, a ò sunkún rẹ̀ púpọ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ sí bàbá rẹ. Ó ti pẹ́ tó o ti pè wá. Mo sì mọ ohun tó fà á, ìyàwó rẹ ti sọ fún mi. O pe bàbá rẹ lórí fóònù, o sọ fún wọn pé oyún ìyàwó rẹ ti bà jẹ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ kú oríire. Bó bá ṣe èmi ni, mi ò ní pè mọ́ láé. Jọ̀ọ́, má ya ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin tó o fi ránṣẹ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, ó lè dà bíi pé mò ń sọ ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rọ sídì náà dé láyọ̀. Páálí rẹ̀ tóbi débi pé awakọ̀ tó gbé e wá ń béèrè bóyá fìríìjì ni. Nígbà tá a tú u, a rí ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀, dúdú, ó wúwo bí òkúta, ojú rẹ̀ ń dán, a sì rí sípíkà mẹ́fà. Márùn-ún kéékèèké ni, ìkẹfà sanra, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń jókòó, kò sì mọ̀ ju kó máa kùn lọ, bí àna tí wọn ò fún lóúnjẹ. Mo bi ara mi pé kí ni ẹnu mẹ́fà fẹ́ sọ tí ẹnu kan ò lè sọ. Àmọ́ o ti kọ ọ́ pé irú ẹ̀ làwọn olówó ń lò, pé kò sí ohun tó ń dún nínú orin tí kò ní jẹ́ kéèyàn gbọ́, àti pé torí bàbá rẹ ní rédíò àwọn ti ń rẹlẹ̀ lo ṣe rà á. A ṣàdúrà fún ẹ títí ẹnu fi gbẹ wá.

O mọ bàbá rẹ, káfíńtà tó fi ọdún gbọọrọ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlagi kò lè rí àpótí kó má fi ìka kàn án. Wọ́n kan àwọn sípíkà náà ní kó-kó-kó, wọ́n ní pákó kọ́, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ni, pé wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Wọ́n ní ọmọ ìyá kan náà ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a kì í sì í tú ọmọ ìyá ká. Ni wọ́n bá mú igi tó dáa jù tí wọ́n ti ń tọ́jú, wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ nípọn bíi ti báńkì, wọ́n kó ẹ̀rọ àti gbogbo sípíkà sínú ẹ̀, wọ́n sì tì í ní kọ́kọ́rọ́ kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. A wá jókòó síwájú ìlẹ̀kùn títì, à ń gbọ́ orin. Orin ọ̀hún ń dún bí ẹni tó kó sí kànga. Bàbá rẹ ní ẹ̀rọ náà ò lóhùn.

Mo ránṣẹ́ sí Onírédíò, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe lójú títì. Ó rí kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kó wọn jáde, ó tò wọ́n yí pálọ̀ ká bó ṣe wà nínú àwòrán inú páálí, ó tiẹ̀ gbé méjì sẹ́yìn àga. Mo ní kí ló dé téèyàn á máa ti ẹ̀yìn báni sọ̀rọ̀, ṣé ẹni tó ń sọ òtítọ́ kì í woni lójú ni. Ojú ti bàbá rẹ, torí wọ́n ti pe gbogbo àdúgbò wá wo kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.

Ó so ẹ̀rọ náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa, fíìmù la sì kọ́kọ́ wò. Mo ti wẹ̀, mo ti pààrọ̀ aṣọ, nítorí àwọn tó wà nínú ẹ̀ múra dáadáa, wọ́n sì ń wò mí. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ òjò lẹ́yìn mi, òjò ńlá, aṣọ wa sì wà lórí okùn. Mo sáré jáde, mo ti kó gbogbo ẹ̀ tán kí n tó rí i pé oòrùn ń ràn. Inú fíìmù ni òjò ti ń rọ̀. Onírédíò fi ẹ̀rín dùbúlẹ̀. Bàbá rẹ ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, wọ́n ní òjò wo. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yí ohùn ẹ̀rọ náà sókè. Àwo já bọ́ lórí pẹpẹ. Ìyá aránṣọ tó wà lódìkejì wá, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ òun ń rìn fúnra ẹ̀ lórí tábìlì. Bàbá rẹ ní bí àwọn olówó ṣe rí ni ẹ̀rọ wọn rí, inú imú ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kí n kọ̀wé sí ẹ kó o dá a padà fún ẹni tó tà á.

Àárín ìgbà yẹn lo pè. Mi ò sí nílé. Nígbà tí mo dé, bàbá rẹ ń yọ̀, wọ́n ní ìyàwó rẹ ti bímọ, pé àwọn bi ẹ́ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, o ò kàn dáhùn ni. Èmi náà yọ̀. Ọjọ́ kejì ni ìyàwó rẹ pè mí tó ń sunkún. Ọmọ mi, mo bú bàbá rẹ lọ́jọ́ yẹn bí mi ò ṣe bú wọn rí. Mo tẹjú mọ́ ìkòkò tí mò ń fọ̀, mi ò kọjú sí wọn, gbogbo ohun tó wà nínú mi ni mo sọ. Wọn ò fèsì kankan. Mo ní ẹ wo ọkàn líle.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti ọjà dé, mo bá wọn nínú pálọ̀, wọ́n di ojú, wọ́n ń mi orí, ẹsẹ̀ wọn ń lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Sídì ti tán, iná pàápàá ti lọ. Mo pè wọ́n. Mo tún pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n lajú tí wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ yìí ti ń gbìyànjú, ó dún dáadáa lónìí. Mo jókòó sílẹ̀ tòun ti ẹrù lórí.

Bàbá rẹ ò gbọ́ràn mọ́. Ẹ̀rọ ìlagi ti jẹ etí wọn tán, ẹnu ẹni ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń dáhùn. Nígbà tó o pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn, fóònù ò lẹ́nu tí wọ́n lè wò. Ìròyìn ìbímọ nìkan ni wọ́n ń retí, òun náà ni wọ́n rò pé o sọ. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú etí náà, ó ní kò dí, ó ti gbó ni. Mo bi í bóyá a lè gbé ẹ̀rọ sídì náà wá kí wọ́n fi pààrọ̀ etí náà, torí ẹ̀rọ ò tíì gbó. Ó ní ká máa lọ sílé.

Lánàá ni mo tó lè sọ ọ́ fún wọn. Mo fi pẹ́ńsù wọn kọ ọ́ sára pákó, pé ọmọ náà ò wá mọ́, pé ohun tó o pè láti sọ nìyẹn. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n fi ìwé ìfápákó pa á rẹ́ pátápátá, wọ́n sì jókòó. Wọn ò jẹun.

Mo máa ń béèrè owó níparí ìwé mi, o sì máa ń fi ránṣẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa wà lókè. Lọ́tẹ̀ yìí, má fi ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀, ìwọ àti ìyàwó rẹ, kẹ́ ẹ máa bọ̀. Omi ló dànù, agbè ò fọ́, ilé yín á gbọ́ igbe ọmọ. Àmọ́ tó o bá dé, gbé àga síwájú bàbá rẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó o tún sọ ọ́ fún wọn pé ọmọ náà ti lọ. Sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹnu rẹ, kí wọ́n lè bá ẹ sunkún.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.