Pẹ̀lẹ́ Kò Sí Nílé Tẹ́tẹ́

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Èmi ń sọ, ọmọ ọmọ mi ń kọ. Bí mo bá bú u, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́ fo èébú kan níbí. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ tó dúró.

A dé ìlú ńlá yìí lánàá: èmi, òun, àti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún kan. Baálé ni mo ń pe ọmọ náà, torí òun ló ń pàṣẹ ìgbà tí gbogbo ilé máa sùn. Bàbá rẹ̀ wà lórí òkun, nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ilé tẹ́tẹ́ ló gba ìyá rẹ̀ síṣẹ́, kó máa pín káàdì fún àwọn tí owó ń yún lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa fi dán an wò. Bí kò bá yege, ká máa lọ sílé. Ilé wo? A ti ta bẹ́ẹ̀dì, a ti ta fìríìjì, ẹlòmíràn ti kó sínú yàrá wa.

Yàrá tí a gbà níbí – bí mo bá na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ mi á wà ní kíṣìnnì. Bẹ́ẹ̀dì ń ká mọ́ ògiri. Ẹni tó bá sùn jù, ògiri á gbé e mì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Mo lọ ra tòmátì. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń tà á pe iye rẹ̀, mo bi í bóyá ó máa fi oko kún un. Kò rẹ́rìn-ín. Mo rọra dá tòmátì padà sáyè rẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn kalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5

Wàhálà ti dé. Ẹlẹ́nu Oyin – ẹni tó ń kọ̀wé yìí ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ – ti gba ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé kò mọ káàdì í pín. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹnu adìẹ tó rí àgbàdo. Ẹnu tirẹ̀ gan-an ni. Bí oníbàárà bá ti pàdánù, tí Ẹlẹ́nu Oyin fẹ́ kó ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lò bí owó kúrò níwájú onítọ̀hún, á ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ẹ má bínú.”

Ọkùnrin kan ní bó bá ń káàánú òun, kó dá owó òun padà. Òmíràn ní ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ mọ ohun tó ṣe, ló bá figbe ta pé kí wọ́n lọ wo kámẹ́rà òkè àjà. Ọ̀gá wọn – Onítáì ni mo ń pè é, torí wọ́n ní táì rẹ̀ fún un lọ́rùn bí okùn ewúrẹ́ – ló wá sọ fún un pé, “Ìyá Pẹ̀lẹ́, ilé òkú kọ́ nìyí o. Tó o bá tún fi pẹ̀lẹ́ kó owó èèyàn, máa palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́.”

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó wò mí. Ó dáa, èmi ni. Ẹni tó kọsẹ̀, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó sín, pẹ̀lẹ́. Bí ìkòkò bá já bọ́, à ń kí ìkòkò. Èmi tí mo fi í sí i lẹ́nu, èmi náà ni màá yọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Pátákó tí a fi ń lọ aṣọ ni tábìlì. Ìdérí ìgò ni owó. Èmi ni oníbàárà. Mo pàdánù, mo káwọ́ lérí, mo ní owó ilé-ìwé ọmọ mi nìyẹn. “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.” Mo fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́. A tún un ṣe. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló kú, owó ìsìnkú nìyẹn. Ó di ètè, ó di ètè – “Ẹ pẹ̀lẹ́.” Ṣíbí.

Baálé jókòó sílẹ̀, ó ń wò wá, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mo jí káàdì méjì sábẹ́ itan. Kò rí mi. Mo gba gbogbo ìdérí ìgò rẹ̀ tán pátápátá.

Ọjọ́rú, 11

Ìkìlọ̀ kejì. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan, ojú òun ló sọ ọ́. Onítáì ní ìkẹta ò sí.

Wọ́n ní nǹkan kan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tó wù mí. Bí apínkáàdì bá fẹ́ kúrò nídìí tábìlì, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á wá yí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè sí kámẹ́rà, kí wọ́n lè rí i pé kò mú nǹkan kan. Mo ní kó máa ṣe é tó bá ń kúrò nídìí ìkòkò ọbẹ̀ mi náà. Ẹran ti ń dín kù. Mo sì ní bí pẹ̀lẹ́ bá fẹ́ jáde, kó kà á sí pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Kó fi àtẹ́wọ́ gbọ̀n ọ́n dànù. Kó fi hàn wọ́n pé ọwọ́ òun mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 12

Àlùbọ́sà wọ́n nílùú yìí, ṣùgbọ́n mo ra ẹyọ kan fún ẹ̀kọ́ wa. Mo sunkún bí opó. Ó wò mí bí ògiri ṣe ń woni. Ó ti ń mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Wọ́n ti gbà á!

Ìyá arúgbó kan bíi tèmi ló jókòó síwájú rẹ̀ lánàá. Ó pàdánù gbogbo ohun tó mú wá, ó sì gbé orí lé tábìlì. Onítáì wà lẹ́yìn, ó ń dúró de pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ ò dé. Ẹlẹ́nu Oyin kó ike náà, ó ní, “Ta ló kàn?” Nígbà tó ń kúrò níbẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó yí ọwọ́ sókè. Onítáì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Mo ní kó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 16

Ẹlẹ́nu Oyin ò fẹ́ kọ eléyìí. Kó kọ ọ́.

Mo ń wẹ Baálé láàárọ̀ yìí. Ọṣẹ dà sílẹ̀. Mo yọ̀, mo fìdí balẹ̀ gbì. Ẹ̀kọ́ kọ́ o, ìdí mi gan-an ni. Mo ké. Ìyá rẹ̀ yọjú. Ó wò mí. Ojú ògiri. Ó ní, “Ti ọjọ́sí dáa ju èyí lọ, Ìyá Àgbà. Ẹ fi àlùbọ́sà sí i.” Ó pàtẹ́wọ́, ó yí ọwọ́ sókè, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo wà nílẹ̀, mo ń ṣa èébú tí mo máa bú u jọ. Baálé rá wá bá mi tòun ti ọṣẹ lára. Ó gbé ọwọ́ tútù lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, “Pẹ́ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ kankan ò tíì jáde lẹ́nu ọmọ náà rí. Kò tíì pe ìyá rẹ̀. Kò tíì pe wàrà.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó sáré padà wá, ó wolẹ̀ síbi tí ọṣẹ wà, gbogbo pẹ̀lẹ́ tó ti gbé mì láti ọ̀sẹ̀ méjì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ó tó, kó gbé mi dìde ná. Ó ń sunkún bó ṣe ń kọ eléyìí. Kó má rin ìwé mi.

Lọ́la, á tún gbé ojú ògiri rẹ̀ wọ̀, á lọ síbi iṣẹ́. Ìyẹn ò burú.

Baálé ni kò ní lè ṣiṣẹ́ ilé tẹ́tẹ́ láéláé.