Ohùn Ògbufọ̀ Lẹ́nu Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Inú ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n bí Bàbá sí lọ́dún 1943, nígbà òjò, lẹ́bàá ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ilé ìwé ìjọ kọjá. Alágbẹ̀dẹ tó bí wọn jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ju mẹ́ta lọ lóòjọ́. Ìyá wọn ló ń bá gbogbo ilé sọ èyí tó kù. Ọmọ méjì ló yè nínú ilé náà, Bàbá àti àbúrò wọn ọkùnrin. Àbúrò ọ̀hún nìyẹn lórí àga iwájú, tó wọ ẹ̀wù dúdú. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọ̀nà ìtàn yìí máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú irú ìwé ìsìnkú báyìí pé olóògbé wà ní àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo ènìyàn kó tó lọ. Ẹbí ò ní kọ bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú ìbínú ni Bàbá lọ, ìbínú náà sì tọ́ sí wọn.

Ní 1950 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Nígbà tó kan àbúrò wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lágbára. Ẹ̀yìn Bàbá ló gùn lọ, ẹ̀yìn Bàbá ló gùn bọ̀, títí ẹsẹ̀ náà fi le. Olùkọ́ a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ní, "Ẹṣin ti dé! Ẹ bá a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ o!" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ẹrù tí wọ́n ń gbé ń dàgbà.

Lọ́dún 1965 ni wọ́n gba Bàbá síṣẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ wọ́n sí, Ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi tọ́ ọmọ, tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì fi ń bá èèyàn jà: "Ẹni tó bá bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, olè ni. Ẹni tó bá yọ iyọ̀ ibẹ̀ kúrò, olè kan náà ni." Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó jí kẹ̀kẹ́ gbé wo adájọ́ àti wíìgì funfun orí rẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún bàbá onírun àgùntàn yẹn pé ọgbọ́n orí ẹ̀ ò tó ti àgùntàn tó ni ín." Bàbá gbọ́n ẹ̀wù wọn, wọ́n sì tú u fún adájọ́ bó ṣe wà, pẹ̀lú àgùntàn, pẹ̀lú irun. Adájọ́ ní, "Ògbufọ̀, èmi lò ń bú?" Bàbá ní, "Olúwa mi, ẹnu mi ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni." Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu omijé ẹ̀rín. Olè náà lọ ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, ó sì wá kí Bàbá nílé. Ó ní ẹnìkan ṣoṣo tó gbọ́ òun yé láti ọjọ́ tí òun ti dáyé nìyẹn.

Ní 1970 ni Bàbá gbé Màmá níyàwó, Màmá tó ń rán aṣọ fèrèsé títí dòní. Olúwa fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Àfi ọ̀rọ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wàyí. Òṣèré òyìnbó kan ni, ará Họ́líwúùdù àtijọ́, gíga, tín-ín-rín, tí fìlà rẹ̀ bo ojú dé ìdajì, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ra ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà èwe ni Bàbá ti rí i ní ilé sinimá, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ àga. Lójú wọn, baba wọn alágbẹ̀dẹ ló dìde tó gun ẹṣin. Nígbà tí ẹ̀rọ fídíò dé, Bàbá ra ọ̀kan lọ́dún 1982, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó fíìmù ọkùnrin yìí jọ. Wọ́n gba òmíràn sílẹ̀ látorí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ra òmíràn, àwọn arìnrìn-àjò bá wọn mú òmíràn bọ̀. Nígbà tó yá, kásẹ́ẹ̀tì bo ògiri yàrá ìgbàlejò láti ilẹ̀ dókè, gbogbo rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn wọn síta, bí ọmọ ogun.

Màmá ò gbọ́ èdè òyìnbó. Bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá la ẹnu báyìí, Màmá á ní, "Kí ló wí?" Bàbá á tú u. Kí wọ́n tó tú u tán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ á ti sọ òmíràn, Màmá á tún ní, "Òun náà ńkọ́, kí ló wí?" Lọ́jọ́ kan ni Bàbá dìde, wọ́n ní, "Ìyàwó, o ò ní pa mí. Mo máa bá òyìnbó yìí sọ̀rọ̀ kó máa sọ èdè wa." Wọ́n wá ẹ̀rọ tó lè tẹ́ ohùn tuntun sórí àwòrán àtijọ́, wọ́n gbé máìkì kalẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, ó sì di iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ Sátidé. Bàbá ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Màmá ni gbogbo obìnrin, títí kan èyí tó ń sunkún. Àwọn ọmọ a máa fi bàtà kan gbá èkejì fún ìró ìbọn. Ìgbà kan wà tí obìnrin aládùúgbò sáré wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tó ń kígbe pé, "Ògbufọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á! Ìyàwó yín dáa!" Ó bá Bàbá nídìí máìkì, ó bá Màmá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó sì jókòó wo fíìmù náà parí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ọmọ àdúgbò méjì bá olùkọ́ wọn jà níléèwé, nítorí ó ní òyìnbó ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí wọ́n sì ní irọ́ ni, ara ilé Ògbufọ̀ ni.

Bàbá fẹ̀yìn tì ní 1998. Nínú ìjọ, àwọn náà ló ń tú ìwàásù fún ìgbà pípẹ́. Bí oníwàásù bá sọ̀rọ̀ dàrú, Bàbá á tú u ní dídàrú, kálukú á sì mọ ibi tí ẹ̀bi wà.

Lọ́dún 2019 ni àrùn mú Bàbá lọ́fun. Dókítà ní òun máa gé àpótí ohùn kúrò kí ẹ̀mí lè dúró. Ọjọ́ tí Bàbá àti Màmá ń lọ sílé ìwòsàn ní ìlú kejì, tí àwọn ọmọ wà lọ́nà jíjìn, Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò wọn lọ́wọ́. Màmá wà níbẹ̀. Bàbá ní, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan yàrá yẹn. Ohùn mi ló wà níbẹ̀." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Lára ọ̀rọ̀ tí Bàbá fi ẹnu ara wọn sọ gbẹ̀yìn láyé ni ohun tí wọ́n sọ fún un yẹn.

Àbúrò yìí ń ta sìmẹ́ńtì. Òjò bẹ̀rẹ̀, ọjà rẹ̀ ń fẹ́ ibi gbígbẹ. Ó kó kásẹ́ẹ̀tì Bàbá sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù tó ti jò, ó sì kó àpò sìmẹ́ńtì sí yàrá ìgbàlejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìlà tó tẹ̀ lé èyí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: sìmẹ́ńtì wà nínú ilé, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú òjò.

Nígbà tí Bàbá darí dé pẹ̀lú ihò ní ọ̀fun, wọ́n wo ògiri. Wọ́n rìn dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n mú kásẹ́ẹ̀tì kan, omi ṣàn jáde nínú rẹ̀ sára bàtà wọn. Wọ́n mú òmíràn. Ebu funfun ti bo téèpù rẹ̀. Wọ́n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí wọn ò wò.

Àbúrò ò sọ pé òun ṣe é. Ó fa fóònù yọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló tó báyìí? Òyìnbó tó ti kú! Gbogbo ẹ̀ ló wà lórí fóònù. Ẹ wò ó." Ó tẹ̀ ẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì yọ, fìlà rẹ̀, ẹṣin rẹ̀, ó la ẹnu, ó sì sọ èdè òyìnbó pẹ̀lú ohùn àjèjì. Bàbá fetí sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìkúùkù lu ògiri, títí Màmá fi fi ìborí rẹ̀ di ọwọ́ wọn.

Láti ìgbà náà, kíkan tábìlì tàbí ògiri ni Bàbá fi ń sọ̀rọ̀. Wọn ò gba bírò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹ̀ẹ̀mejì ni "rárá". Ọmọ ọwọ́ ilé mọ̀ ọ́n. Alàgbà ìjọ náà mọ̀ ọ́n, nítorí ó bi Màmá, Màmá sì ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ tó mú àbúrò wá fún ìpẹ̀tù.

Alàgbà ní, "Ògbufọ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín. Ṣé ẹ ti dárí jì í?"

Bàbá kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

Alàgbà gbé ọwọ́ sókè. "Ògo ni fún Ọlọ́run! Bàbá ní ó ti tán nínú àwọn."

Màmá ní, "Ohun tí wọ́n wí kọ́ nìyẹn!"

"Màmá, ẹ rọra. Àgbà kì í gbé ìbínú dé sàárè."

"Ẹ ò ṣáà lè fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu!"

Ó fi sí wọn lẹ́nu. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dúró níwájú ìjọ, ó kéde pé Ògbufọ̀ ti dárí ji àbúrò rẹ̀. Bàbá dìde lórí ìjókòó wọn. Wọ́n fi ọ̀pá wọn kan pákó, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìjọ rò pé ayọ̀ ni. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Bàbá tún kàn án lẹ́ẹ̀mejì, àtẹ́wọ́ náà sì tún le sí i. Ẹni tí kò yí ọ̀rọ̀ olè kẹ̀kẹ́ padà rí níwájú adájọ́, àwọn ará ìjọ rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lójú ara rẹ̀, wọ́n sì fi orin gbè é.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló yè. Ó ti há sínú ẹ̀rọ fídíò ṣáájú àìsàn, ẹ̀rọ náà sì ti wà lọ́dọ̀ atúnṣe láti ìgbà náà, tí Màmá fi ń bú u pé ó lọ́ra. Atúnṣe tó lọ́ra ló gba ohùn Bàbá là. Ọjọ́ tó gbé e dé, Bàbá jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ètè wọn ń bá a lọ. Nígbà tó parí, wọ́n kan àga lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá mí èémí ìkẹyìn lórí ibùsùn wọn, Màmá dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Wọ́n fi sáyé lọ: aya wọn, ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin olùkọ́, ọmọ-ọmọ mẹ́fà, àti àbúrò kan.

Àbúrò náà ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ ọ́ síbí pé Bàbá dárí ji òun. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọjọ́ náà lòní. Ẹbí ń tún ọ̀rọ̀ Bàbá tú fún gbogbo ìjọ: rárá ni wọ́n wí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kàn án, nílé àti nínú ìjọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí máa fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn hàn ní yàrá ìgbàlejò, níwájú ògiri tó ṣófo. Ní ìparí rẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ẹni tó mú ẹṣin rẹ̀, ó yí padà, ó ń lọ. Nínú fíìmù gan-an, kò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan là ń rí. Ibẹ̀ nìkan ni Bàbá ti bu iyọ̀ ara wọn sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ rí. Ẹ máa gbọ́ ohùn wọn tó ní, "Mi ò ní lù ẹ́, mi ò sì ní ṣépè. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí o mú yẹn, fi ẹnu ara ẹ sọ pé o mú un."

Àga kan máa wà nílẹ̀ fún àbúrò Bàbá. Bó bá ní ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì bá parí, ẹbí máa gbọ́. Kò sí ẹni tó máa bá a tú u.

Ẹ sùn re o, Ògbufọ̀. Ohun tí ẹ wí gan-an la gbọ́.